Ilé-Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ nínú ìwé atọ́nà: ojú-ewé kan ni àbí méjì? Orúkọ wo ni yóò wà lókè?

Atọ́nà-Ẹnuwà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ojú-ewé Ilé-Ifẹ̀ nínú ìwé atọ́nà Ọ̀ṣun tí a jọ ń kọ ni mo gbé wá. Ojú-ewé kan ló wà tẹ́lẹ̀, “Ilé-Ifẹ̀”, Modákẹ́kẹ́ sì jẹ́ ìpínrọ̀ kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan yí àkọlé náà sí “Ifẹ̀-Modákẹ́kẹ́”. Ẹlòmíràn yí i sí “Ilé-Ifẹ̀/Modákẹ́kẹ́”. Ẹnìkẹta pín in sí méjì, ó sì kó gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ àdúgbò Lagere sí ojú-ewé méjèèjì. Ní báyìí, ilé oúnjẹ kan ṣoṣo wà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí kò bára mu, gáréèjì kan náà sì ní wákàtí ìgbéra méjì. Àlejò kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ká tó tún fọwọ́ kan àkọlé yẹn, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò sójú kan, torí ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Ifẹ̀. Ìlobùú àti Ìfọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá ń bọ̀, Gbọ̀ngán àti Òde-Òmù náà ń bọ̀. Ojú-ewé mélòó ni ká kọ fún ìlú méjì tó múlé gbera? Orúkọ wo la ó kọ sókè? Níbo sì ni ohun tí ìlú méjèèjì jọ ń lò yóò wà?

Ọmọ Ọbòkun

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí a gbà ni pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ni ká fi pín ìlú. Ẹ wo Iléṣà. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-oòrùn Iléṣà fi Ìyẹ́mógùn ṣe ibùjókòó, ti Ìwọ̀-oòrùn fi Omi Aládìyẹ ṣe tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì, àmọ́ ìlú kan, Ọwá kan, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà kan. Kò sí èrò tó ń wọkọ̀ ní Àkúrẹ́ tí yóò sọ fún awakọ̀ pé Ìwọ̀-oòrùn Iléṣà lòun ń lọ. Bí a bá kọ ojú-ewé méjì fún un, a ti la ìlú kan sí méjì láìnídìí.

Ti Ifẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló ń jẹ́ Ifẹ̀. Ibùjókòó ti Àríwá wà ní Ìpetumodù, ti Gúúsù wà ní Ifẹ̀tẹ̀dó, àwọn méjèèjì sì jìnnà sí Ẹnuwà, àárín Ilé-Ifẹ̀. Ìlà-oòrùn Ifẹ̀, tó fi Òkè-Ògbó ṣe ibùjókòó, ni Modákẹ́kẹ́ bọ́ sí. Ẹni tó bá fi àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣe àkọlé, yóò kó Modákẹ́kẹ́ pọ̀ mọ́ apá kan Ifẹ̀, yóò sì ya apá yẹn kúrò lára ìyókù ìlú tirẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi ibi kan kí n tó fún un ní ojú-ewé. Ṣé awakọ̀ mọ orúkọ náà? Ṣé ẹni tó dé lálẹ́ yóò rí ibi sùn níbẹ̀, kó sì rí oúnjẹ? Ṣé nǹkan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè torí rẹ̀ lọ? Ṣé àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń jẹ́ orúkọ náà? Èyí tó kẹ́yìn ló wúwo jù lọ́dọ̀ mi. Ibi tó bá rí “bẹ́ẹ̀ ni” gbà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ojú-ewé tirẹ̀. Modákẹ́kẹ́ rí i gbà.

Olóòtú-Àgbà

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọbòkun, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà àlejò. Ẹni tó wá fún ọjọ́ kan kò bá ti ẹni tó ni ilẹ̀ wá. Ó fẹ́ rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ó fẹ́ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, ó fẹ́ jẹun, ó sì fẹ́ sùn. Láti Ẹnuwà dé àárín Modákẹ́kẹ́, ọ̀kadà kan ni. Ẹ ó wá ní kó ṣí ojú-ewé méjì lórí fóònù tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń falẹ̀?

Èkejì, ojú-ewé òfìfo burú ju ìpínrọ̀ lọ. Bí “Modákẹ́kẹ́” bá dá dúró, tó wá ní ìlà mẹ́ta péré, ẹni tó kà á yóò rò pé kò sí nǹkan kan ní ìlú náà. Nínú ìpínrọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó kéré tán a rí i.

Àdùkẹ́ Modákẹ́kẹ́

Ẹ ṣeun, Olóòtú. Ohun tí ẹ sọ nípa ojú-ewé òfìfo, òótọ́ ni, mo sì máa padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó ní Ọ̀gúnṣùà lórí ìtẹ́, tó ní ọjà, tó ní ọdún ìbílẹ̀ tirẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ìpínrọ̀ nísàlẹ̀ ojú-ewé ìlú mìíràn. Ẹni tó bá tẹ “Modákẹ́kẹ́” síbi ìwákiri, tí “Ilé-Ifẹ̀” jáde sí i lójú, ti gbọ́ ohun kan tí a kò sọ jáde lẹ́nu.

Ní ti “Ifẹ̀-Modákẹ́kẹ́”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa á tì pátápátá. Ìdí méjì ni.

Àkọ́kọ́, àmì ìsopọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú orúkọ ìlú Yorùbá. Nínú Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ kejì ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kìíní jẹ́ ti. Ẹ̀rìn ti Ìjẹ̀ṣà ni, kì í ṣe èyí tó wà nítòsí Ìlobùú. Tí Yorùbá bá wá rí “Ifẹ̀-Modákẹ́kẹ́”, etí rẹ̀ gbọ́ “Ifẹ̀ ti Modákẹ́kẹ́”. Ẹ yí i po sí “Modákẹ́kẹ́-Ifẹ̀”, ó gbọ́ “Modákẹ́kẹ́ ti Ifẹ̀”. Èyí tó wù ká kọ, a ti dájọ́ lórí ẹjọ́ tí wọn kò pè wá sí. Òyìnbó lè fi àmì yẹn so ìlú méjì pọ̀ kó má túmọ̀ sí nǹkan kan. Ní èdè tiwa, ó túmọ̀ sí nǹkan.

Èkejì, orúkọ tí àwọn oníwèé ìròyìn fi pe ìjà ọdún 1997 sí 2000 gan-an nìyẹn. Ẹ tẹ orúkọ méjèèjì papọ̀ sórí Google, ìròyìn ogun ni yóò ṣíwájú. Ṣé ohun tí a fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ rí nìyẹn kó tó rí ibi tí yóò sùn?

Ayàmáàpù

Àǹtí Àdùkẹ́ ti sọ ti àmì ìsopọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àmì ìdábùú kún un: “Ilé-Ifẹ̀/Modákẹ́kẹ́” kò lè dúró lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì. Ohun tó bá wà lẹ́yìn “/” nínú àdírẹ́sì, ọmọ ojú-ewé tó wà níwájú rẹ̀ ni ìkànnì ń kà á sí. Modákẹ́kẹ́ tún ti di ìsọ̀rí abẹ́ Ilé-Ifẹ̀ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu rẹ̀.

Ohun tó ń bí ojú-ewé ìbejì láìròtẹ́lẹ̀ tún wà, a kì í sì í tètè rí i. “ẹ̀” kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. “ẹ” tó ní àmì ìsàlẹ̀ ní kóòdù tirẹ̀, U+1EB9, a ó wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, lé e lórí. Bọ́tìnnì fóònù kan lè kọ́kọ́ fi “è” sílẹ̀ kó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀, U+0323. Lójú, “Ifẹ̀” kan náà ni. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni. Bí ìkànnì bá ń fi ìlànà NFC tún ọ̀rọ̀ tò kó tó tọ́jú rẹ̀, méjèèjì á di ọ̀kan. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó ní “Ifẹ̀” méjì. Èyí tí NFC pàápàá kò lè tún ṣe ni ìlà òòró kékeré, U+0329, tí àwọn kan ń fà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì ìsàlẹ̀. Ẹ má lò ó nínú àkọlé láéláé.

Nítorí náà, fún ìlú kọ̀ọ̀kan:

– àkọlé gidi pẹ̀lú àmì ohùn pípé, “Ilé-Ifẹ̀”;
– àtúnjúwe (ohun tó ń gbé ẹni tó tẹ orúkọ kan lọ sí ojú-ewé tó tọ́) láti “Ile-Ife”, “Ile Ife”, “Ileife”, “Ife” àti “Ifẹ̀”, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń wá;
– “Modakeke” náà sí “Modákẹ́kẹ́”.

Àtúnjúwe láti “Ife-Modakeke” ńkọ́? Àwọn èèyàn yóò tẹ̀ ẹ́, a kò lè ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe darí rẹ̀ sí ìlú kankan nínú méjèèjì. Ojú-ewé ìyàsọ́tọ̀ ìlà méjì ni kó gbé wọn lọ, kí wọ́n mú èyí tí wọ́n fẹ́.

Arìnkáyé

Àwọn tó ń kọ ìwé atọ́nà níbòmíràn ti bá irú èyí pàdé, ìdáhùn wọn kò sì rí bákan náà torí ìlú wọn kò rí bákan náà.

Òfin ló so Buda, Óbuda àti Pest pọ̀ di ìlú kan ní 1873. Budapest ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìlú wọn. Ojú-ewé kan tó, kí àwọn àdúgbò wà nínú rẹ̀. Ní Gánà, ìlú kan lábẹ́ òfin ni Sekondi-Takoradi, orúkọ tí ìjọba ń lò ló ní àmì ìsopọ̀ yẹn, a kàn kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ ni. Ní Kinshasa àti Brazzaville, èèyàn ń rí ìlú kejì láti etí odò Kóńgò, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè méjì ni, físà méjì, owó méjì. Ẹni tó bá kó wọn sójú-ewé kan yóò mú kí àlejò rò pé òun kàn lè wọ ọkọ̀ ojú omi kí òun sì sọdá láìní ìwé.

Minneapolis àti Saint Paul ní Amẹ́ríkà ló jọ tiwa jù. Ìlú méjì, olórí ìlú méjì, pápá ọkọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ ká ṣàlàyé pápá ọkọ̀ yẹn, kí ojú-ewé kejì tọ́ka sí i. Ohun tó yẹ ká mú nínú rẹ̀ nìyẹn: orúkọ lè jẹ́ méjì nígbà tí ọ̀nà jẹ́ ọ̀kan.

Awakọ̀-Ọ̀nà-Jíjìn

Ẹ kú àpérò. Lórí ọ̀nà, mo lè sọ èyí tó dájú. Ọ̀nà ńlá mẹ́rin ló jáde ní Ifẹ̀: ti Ìbàdàn, ti Iléṣà, ti Oǹdó, ti Ẹdẹ. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkèèrè, “Ifẹ̀” ni wọ́n ń ké ní gáréèjì. Nítorí náà, ojú-ewé Ilé-Ifẹ̀ ni kí àlàyé ọkọ̀ láti ìlú sí ìlú wà. Ẹ má ṣe àdàkọ rẹ̀ sí ti Modákẹ́kẹ́. Bí owó ọkọ̀ bá yí padà, ẹnìkan yóò tún un ṣe lójú-ewé kan, yóò gbàgbé èkejì. Ibi tí nọ́ńbà méjì tí kò bára mu ti ń wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má kọ “ẹ wo Ilé-Ifẹ̀” lásán kí ẹ sì kọjá lọ. Àlejò tó ń lọ Modákẹ́kẹ́ nílò ìpele tó kẹ́yìn lójú-ewé Modákẹ́kẹ́ fúnra rẹ̀: ibi tí yóò ti bọ́ọ́lẹ̀, orúkọ tí yóò sọ fún ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́, àti ibi tí yóò ti rí ọkọ̀ padà nírọ̀lẹ́. Owó ọkọ̀ tí kò ní oṣù àti ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ kọ ìkìlọ̀ orúkọ tó jọra sókè ojú-ewé, kì í ṣe nísàlẹ̀. Ẹni tó ń lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni yóò gbà. Bó bá sọ pé “Ẹ̀rìn” nìkan ní Òṣogbo, wọ́n lè gbé e lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lọ́nà Ìlobùú. Ẹ̀rìn-Ilé tún wà ní Kwara, nítòsí Ọ̀fà. Bákan náà, láti Ifẹ̀, Ìpetumodù wà lọ́nà Ìbàdàn, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà sì wà lẹ́yìn Iléṣà. Ẹni tó ké orúkọ náà kù yóò kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ.

Ọmọ Ọbòkun

Ẹ ṣé gan-an, awakọ̀ wa. Ẹ fi ti ilé ìwòsàn kún un, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti lè pa èèyàn lára. Wesley Guild tó wà ní Iléṣà jẹ́ ẹ̀ka ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, èyí tó ní ẹ̀ka mìíràn ní Ifẹ̀. Orúkọ àjùmọ̀ní kan, ìlú méjì, nǹkan bí kìlómítà 30 láàárín wọn. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni kó ní ìlà tirẹ̀ lójú-ewé ìlú tó wà, pẹ̀lú àmì GPS tirẹ̀. Ẹ má fi orúkọ àjùmọ̀ní nìkan sílẹ̀ láìdárúkọ ẹ̀ka.

Yunifásítì náà sì ti yí orúkọ padà ní 1987, síbẹ̀ “Yunifásítì Ifẹ̀” ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Àtúnjúwe kan yóò yanjú ìyẹn.

Olóòtú-Àgbà

Ọ̀rọ̀ àmì ìsopọ̀ tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ wọ̀ mí lára. N kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fara mọ́ ojú-ewé méjì. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi òté lé e: ojú-ewé tuntun kò gbọdọ̀ jáde láìní ibi ìsùn méjì, ibi oúnjẹ mẹ́ta, ohun wíwò méjì àti ìpele ọkọ̀ tó kẹ́yìn tí awakọ̀ sọ. Títí a ó fi kó wọn jọ, kí ó wà níbi ìpamọ́ àwọn akọ̀wé, kí ìpínrọ̀ àtijọ́ ṣì dúró. Lọ́jọ́ tí tuntun bá jáde ni ká yọ àtijọ́, kì í ṣe ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn.

Fún ẹni ọjọ́ kan tí mò ń bẹ̀rù fún, ojú-ewé agbègbè lè gbà á. Kí la ó wá pe agbègbè náà? “Ilẹ̀ Ifẹ̀” yóò tún bí ìjà kan náà.

Atọ́nà-Ẹnuwà

Ẹ lo “Ìlà-oòrùn Ọ̀ṣun”. Ẹkùn aṣòfin àgbà ni, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀: Ifẹ̀ mẹ́rin, Iléṣà méjì, Àtàkúnmọ̀sà méjì, Ọbòkun àti Oríadé. Ó gba Ilé-Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́, Iléṣà, Ìpetumodù àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láìfi ọ̀kan sábẹ́ èkejì. Ètò ọjọ́ kan tó gba ìlú méjì kọjá, ibẹ̀ ni kó wà. Mo mọ̀ pé Ọmọ Ọbòkun ní ká má fi ìjọba ìbílẹ̀ pín ìlú. Ìlú la sọ. Agbègbè gbòòrò, ó sì lè fara mọ́ ọn.

Ó ku Lagere àti Akarabata, níbi tí èèyàn méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n sì dárúkọ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ta ni yóò yan ojú-ewé fún ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀?

Ayàmáàpù

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ìlú tó bá kọ sára pátákó rẹ̀ ni ojú-ewé tirẹ̀. Bí pátákó kò bá dárúkọ ìlú, ẹ wo rìsíìtì tó ń já fún oníbàárà. Bí ìyẹn náà kò bá sọ ọ́, ẹ fi sí ojú-ewé tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ fi sí, kí ẹ má gbé e káàkiri. Ojú-ewé kan ṣoṣo, láìsí àdàkọ.

Lórí máàpù, ẹ má fa ìlà. Mo bẹ̀ yín. Àmì ojúkan ni kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní, kí a fi í sí àárín ìlú, kí orúkọ méjèèjì tóbi bákan náà. Ìlà aláwọ̀ tí ẹnìkan fà lórí kọ̀ǹpútà ní òru ọjọ́ kan lè di ohun tí ẹlòmíràn tẹ̀ jáde tó gbé lọ sílé ẹjọ́. Àlejò kò sì nílò rẹ̀, nítorí àmì GPS ni yóò gbé e dé hòtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí OpenStreetMap, máàpù tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, àyè name:yo ni ká fi orúkọ tó ní àmì ohùn sí, kí ìkọsílẹ̀ mìíràn wọ alt_name, kí àmì “;” wà láàárín wọn. Ẹ má fi orúkọ ìlú kejì sí alt_name ìlú kìíní. Mo ti rí i lórí Ìlobùú àti Ìfọ́n, ó máa ń jẹ́ kí ìwákiri gbé ìlú kan jáde fún orúkọ èkejì.

Arìnkáyé

Ibi ìbẹ̀wò tí ìlú méjì jọ ní ńkọ́? Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ọ̀ṣun, Òkè-Ìmẹ̀sí wà ní Èkìtì, ìtàn Ogun Kírìjì sì kan àwọn méjèèjì. Ìpínlẹ̀ méjì, ojú-ewé agbègbè méjì.

Ọmọ Ọbòkun

Ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn, ojú-ewé ìlú tó wà nínú rẹ̀ ni kó wà. Ìtàn ogun kò ṣeé fọwọ́ kàn, nítorí náà ká kọ ojú-ewé kan fún Kírìjì fúnra rẹ̀, ká kọ ọ̀rọ̀ ìwé àlàáfíà 23 Oṣù Kẹsàn-án 1886 síbẹ̀, kí ìlú méjèèjì, àti Ìgbájọ níbi tí àwọn Ìbàdàn pàgọ́ sí, jọ tọ́ka sí i. Bí a bá jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀, akọni kan náà yóò ní ìtàn mẹ́ta.

Àdùkẹ́ Modákẹ́kẹ́

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ti Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ rí. Ìpínrọ̀ ìtàn kan, ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ lójú-ewé méjèèjì: pé àwọn tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tó tú ló tẹ Modákẹ́kẹ́ dó ní ọ̀rúndún 19, pé ìjà ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ńlá rọlẹ̀ ní 2000. Ọdún àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan, láìka ẹ̀bi sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Kó wà ní ìsàlẹ̀ lábẹ́ “Ìtàn”, kì í ṣe ní ìlà àkọ́kọ́. Mo lè kó ibi ìsùn àti ibi oúnjẹ tí Olóòtú béèrè jọ ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú GPS, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Atọ́nà-Ẹnuwà

Ẹ ṣeun, àǹtí wa. Mo ti kọ ìlà àkọ́kọ́ méjèèjì síbi ìpamọ́, ẹ bá mi wò ó:

“Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ìlú ní Ìlà-oòrùn Ọ̀ṣun.”

“Modákẹ́kẹ́ jẹ́ ìlú ní Ìlà-oòrùn Ọ̀ṣun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀.”

Àdùkẹ́ Modákẹ́kẹ́

Ó kù díẹ̀. Ẹ fi “ó múlé gbe Modákẹ́kẹ́” kún ti Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ yí “lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀” sí “ó múlé gbe Ilé-Ifẹ̀” nínú ti Modákẹ́kẹ́. Gbólóhùn kan náà ní ìhà méjèèjì.

Atọ́nà-Ẹnuwà

Mo ti tún un kọ bẹ́ẹ̀. Àkọlé “Ifẹ̀-Modákẹ́kẹ́” ti kúrò, ojú-ewé ìyàsọ́tọ̀ ti wà níbẹ̀. Olóòtú, ẹ bá wa ti àkọlé méjèèjì pa kí ẹnikẹ́ni má lè yí i láìkọ́kọ́ kọ ìdí rẹ̀ síbí.